Ẹ Bi Wá: Ta Ni Òfin Amẹ́ríkà Gbà Láyè Láti Ní Ìbọn?

Lẹ́tà àwọn òǹkàwé wa tó ń gbé Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ìbọn ló sì kún inú wọn. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a sì yọ orúkọ kúrò. Bí ẹ ṣe ń kà á, ẹ rántí pé òfin mẹ́ta ló ń ṣọ́ ìbọn kan ṣoṣo lọ́wọ́ àjèjì níbẹ̀: òfin ìjọba àpapọ̀, òfin ìpínlẹ̀, àti òfin ìwọlé-wọ̀de. Ohun tí ọ̀kan fàyè gbà, òmíràn lè torí ẹ̀ lé èèyàn kúrò nílùú.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ọdún kẹta rèé tí mo ti gba green card. Wọ́n ní ọmọ onílùú nìkan ló lè ra ìbọn. Ṣé òótọ́ ni? Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe ń rà á? (Bàbá Ìbejì, Houston)

Bàbá Ìbejì, kì í ṣe òótọ́. Òfin ìbọn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 1968, pẹ̀lú àtúnṣe tó ti dé bá a, ka àwọn tí kò gbọ́dọ̀ ní ìbọn: ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè ju ọdún kan lọ, ẹni tó sá fún ẹjọ́, ẹni tó ń lo oògùn olóró, ẹni tí ilé ẹjọ́ ti sọ pé ọpọlọ rẹ̀ kò pé tàbí tí wọ́n fi agbára òfin dá dúró sílé ìwòsàn ọpọlọ, ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú, ẹni tó fi físà onígbà díẹ̀ wọlé, sójà tí wọ́n fi ẹ̀tẹ́ lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ tó wá kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ẹni tí ilé ẹjọ́ fi ìwé dè nítorí ìjà ilé, àti ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ìjà ilé, bó ti wù kí ẹ̀ṣẹ̀ náà kéré tó. Ẹni tó ní green card kò sí níbẹ̀. Ní ti ọjọ́ orí, ọlọ́jà tó ní ìwé àṣẹ lè ta ìbọn gígùn fún ẹni ọdún 18, àmọ́ ọdún 21 ni òfin náà fi sí ìbọn ìléwọ́.

Ẹ kíyè sí ti àkọ́kọ́ yẹn. Kì í ṣe iye ọjọ́ tí èèyàn lò lẹ́wọ̀n ni wọ́n ń wò, iye tí òfin lè fún un ni. Ẹni tí adájọ́ ní kó máa lọ sílé rẹ̀ lè ti jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún márùn-ún, kò sì ní lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbọn mọ́. Ohun tí òfin yọ sílẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ tí ìpínlẹ̀ pè ní kékeré, tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò ju ọdún méjì lọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù, Fọ́ọ̀mù 4473 lẹ máa bá pàdé. Orúkọ kíkún ló ń fẹ́, tó fi mọ́ ti àárín. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni àdírẹ́sì: bí ẹ bá ti kó kúrò níbi tó wà lára láísẹ́ẹ̀sì ọkọ̀ yín, ọlọ́jà kò gbọ́dọ̀ tà fún yín àfi tí ẹ bá mú ìwé míì tí ìjọba fún yín dání, bí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, tí àdírẹ́sì tuntun wà lára rẹ̀. Fọ́ọ̀mù náà máa béèrè orílẹ̀-èdè tí ẹ jẹ́ ọmọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ara green card yín. Ẹ kọ Nàìjíríà síbẹ̀. Ẹni tó bá mú Amẹ́ríkà torí pé ó rò pé iṣẹ́ á yá, irọ́ ló pa lórí fọ́ọ̀mù ìjọba, ó sì tún pe ara rẹ̀ ní ọmọ onílùú. Èkejì yìí nìkan tó láti ba green card jẹ́ pátápátá, ìdáríjì rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n nínú òfin ìwọlé-wọ̀de.

Lẹ́yìn náà ni ọlọ́jà á kàn sí ẹ̀rọ àyẹ̀wò FBI tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1998. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ló ń ṣe é. Ọ̀kan nínú ìdáhùn mẹ́ta ló máa gbọ́: máa tà á, dúró ná, tàbí má tà á. “Dúró ná” wọ́pọ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílùú, torí wọ́n tún ń yẹ ìwé ìwọlé-wọ̀de rẹ̀ wò. Ẹ má bá ọlọ́jà jà, kò mọ ohun tó fà á. Bí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta bá kọjá láìsí èsì, òfin àpapọ̀ gbà á láyè láti gbé ìbọn fún yín, àmọ́ kò fi dandan mú un, òfin àwọn ìpínlẹ̀ kan kò sì gbà fún un rárá. Àyẹ̀wò kan kì í lò ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó wá gbé e, ẹ máa tún un ṣe. Bó bá jẹ́ pé orúkọ yín jọ ti ọ̀daràn kan, tí wọ́n ń dá yín dúró ní gbogbo ìgbà, ẹ kọ̀wé sí FBI kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní UPIN. Ẹ ó máa kọ ọ́ sórí 4473 nígbàkigbà tí ẹ bá fẹ́ rà.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, físà F-1 ni mo ní. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ mú mi lọ sí pápá ìyìnbọn lópin ọ̀sẹ̀. Mi ò ní ra nǹkan kan, mo kàn fẹ́ yìn ín wò ni. (Akẹ́kọ̀ọ́, Dallas)

Ẹ má tíì fọwọ́ kàn án. Lójú òfin, kéèyàn di ìbọn mú fún ìṣẹ́jú márùn-ún ní pápá, ìní ni. Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà nínú ẹjọ́ Rehaif, akẹ́kọ̀ọ́ láti ìlú Lárúbáwá tí yunifásítì kan ní Florida yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nítorí èsì ìdánwò. Ó dúró sí Amẹ́ríkà, ó lọ sí pápá, ó yìnbọn, wọ́n gbé e. Ní 2019, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ìjọba gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹni náà mọ̀ pé ipò òun nílùú ti yí padà. Kò sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ lè máa yìnbọn o. Láti 2022, ẹ̀wọ̀n ẹ̀ṣẹ̀ yìí lè tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ọ̀nà tó bófin mu wà, ó sì máa ń ya èèyàn lẹ́nu: ìwé àṣẹ ọdẹ. Ẹni tó wà lórí físà onígbà díẹ̀, ì báà jẹ́ F-1, H-1B tàbí H-4, tó bá ti ní ìwé àṣẹ ọdẹ tí ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà fún un, tí ọjọ́ rẹ̀ kò sì tíì kọjá, òfin àpapọ̀ gbà á láyè láti di ìbọn mú, àní láti rà á ní ìpínlẹ̀ tó ń gbé. Òfin kò béèrè bóyá ó pa ẹran rí. Ní Texas, ẹni tí wọ́n bí láti ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án 1971 síwájú gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ ọdẹ kó tó lọ ṣọdẹ, ẹ sì lè gbà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni ọjọ́ tí ìwé náà ń parí. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ni ìwé ọdẹ ọlọ́dọọdún ti Texas máa ń kú, ọjọ́ yòówù kí ẹ rà á. Bí ẹ bá gbàgbé, ìbọn tó bófin mu lálẹ́ ọjọ́ yẹn ti di ẹ̀sùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ìwé ọdẹ kò sì lè tún ipò tó ti bàjẹ́ ṣe. Tí iléèwé bá ti yọ orúkọ yín kúrò, tàbí tí ọjọ́ ìgbélùú yín ti kọjá, kò wúlò mọ́.

Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Maryland fi owó ránṣẹ́ kí n bá òun ra ìbọn ìléwọ́ kan níbí, torí wàhálà rẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ onílùú ni àwa méjèèjì, kò sì ní ẹ̀sùn kankan lọ́rùn. (Ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Atlanta)

Ẹ dá owó rẹ̀ padà lónìí. Ìbéèrè tó ṣíwájú nínú àwọn ìbéèrè 4473 ni pé ṣé ẹ̀yin gan-an lẹ ń rà á fún ara yín. Bí owó bá ti ara rẹ̀ wá, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn, ọlọ́jà kò sì ní tà á. Bí ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni.

Ohun tí àwọn èèyàn wa kì í fẹ́ gbà ni pé mímọ́ àbúrò kò yí i padà. Ní 2014, ẹjọ́ Abramski dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ: ọlọ́pàá àtijọ́ kan bá ìbátan rẹ̀ kan ra ìbọn torí wọ́n ń dín owó fún ọlọ́pàá. Ẹni tó rà á fún lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ìbọn, àwọn méjèèjì sì gba ọwọ́ ọlọ́jà nígbà tó fẹ́ fà á lé e lọ́wọ́. Síbẹ̀ wọ́n dá a lẹ́bi, torí irọ́ tó kọ sórí fọ́ọ̀mù. Ní 2022 ni wọ́n tún wá ṣe òfin tó dojú kọ ìrà-báni-rà fún ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ tàbí ẹni tó fẹ́ fi ìbọn ṣe ibi, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó, ó sì lè tó ọdún márùndínlọ́gbọ̀n bí ẹni tó rà á bá mọ̀ pé wọ́n máa fi ìbọn náà ṣe ibi.

Ẹ̀bùn yàtọ̀. Bó bá jẹ́ owó tara yín, tí kò sì ní san án padà fún yín lábẹ́lẹ̀, ẹ lè fún ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́. Àmọ́ ẹni tó ń gbé ìpínlẹ̀ míì gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ ọlọ́jà tó ní ìwé àṣẹ ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀, kò sì lè wá ra ìbọn ìléwọ́ ní Georgia kó gbé e lọ. Wàhálà Maryland tó ń sá fún kò pọ̀ tó bó ṣe rò: ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní HQL ni wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó ta ìbọn ìléwọ́ féèyàn, ó kéré tán ẹ̀kọ́ wákàtí mẹ́rin àti títẹ ìka, lẹ́yìn náà ìdúró ọjọ́ méje. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni gbogbo rẹ̀ ń gbà. Èyí tí ẹ fẹ́ bá a ṣe lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ní káàdì igbó tí ìpínlẹ̀ fún mi nítorí oríkèé ríro. Mo tún ń lo oògùn tí dókítà fún mi fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ṣé mo lè ní ìbọn? (Màmá Dára, Phoenix)

Màmá, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì kò dí yín lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni rírí dókítà ọpọlọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé ìwòsàn pé kí wọ́n tọ́jú òun. Ẹni tí ìjọba fi tipátipá dá dúró síbẹ̀ ni òfin ń bá wí. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ń sá fún ìtọ́jú nítorí ìbẹ̀rù tí kò nídìí yìí.

Igbó ló ṣòro. Fọ́ọ̀mù 4473 kọ ọ́ gàdàgbà pé bí ìpínlẹ̀ bá tilẹ̀ fàyè gba igbó, ì báà jẹ́ fún ìtọ́jú, kò yí òfin àpapọ̀ padà. Nínú káàdì àti ìbọn, ẹ mú ọ̀kan. Bí ẹ kò bá sì tíì di ọmọ onílùú, káàdì náà gan-an lè di ìbéèrè níwájú àwọn ìwọlé-wọ̀de.

Lọ́dún 2019, èmi àti ìyàwó mi jà, ọlọ́pàá dé. Lọ́yà ní kí n gbà pé mo jẹ̀bi kí ọ̀rọ̀ lè tán. Owó ìtanràn ni mo san, a sì ti parí ìjà. Wọ́n tún dá mi lẹ́bi ìwà ipá kan ní Ìbàdàn nígbà ọ̀dọ́. Èwo ló máa dí mi lọ́wọ́? (Ẹni tó fẹ́ mọ̀, Chicago)

Ti Chicago ni, èyí tó dà bíi kékeré. Láti 1996, ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi pé ó lu aya tàbí ọkọ rẹ̀, àní bó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kékeré, kò gbọ́dọ̀ ní ìbọn tàbí ọta títí ayé. Ìparí ìjà láàárín ẹ̀yin méjèèjì kò ṣí i. Ohun tó lè ṣí i ni kí gómìnà dárí jì yín, tàbí kí ilé ẹjọ́ pa ìdálẹ́bi náà rẹ́, láìsí gbólóhùn pé ẹ kò gbọ́dọ̀ ní ìbọn. Kí ẹ tó yọ̀ sí ìyẹn, ìdálẹ́bi tí ìpínlẹ̀ pa rẹ́ ṣì sábà máa ń wà láàyè lọ́dọ̀ ìwọlé-wọ̀de. (Bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́bìnrin ni, tí kò sí ọmọ láàárín wọn tí wọn kò sì jọ gbé bíi tọkọtaya, òfin 2022 fi ọdún márùn-ún sí i, bí kò bá tún ṣẹ̀.)

Ti Ìbàdàn kò ka lábẹ́ òfin àpapọ̀. Ní 2005, nínú ẹjọ́ Small, ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ní Japan, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà nìkan ni òfin náà ní lọ́kàn. Àmọ́ ìwọlé-wọ̀de ń ka ẹjọ́ ilẹ̀ òkèèrè. Bí ẹ kò bá sọ nípa rẹ̀ nígbà tí ẹ ń gba green card, lọ́yà ìwọlé-wọ̀de ni kí ẹ kọ́kọ́ rí, kì í ṣe ọlọ́jà ìbọn. Ẹ sì rántí pé ní Illinois, ẹ kò lè ní ọta kan ṣoṣo nílé láìsí FOID, káàdì tí ìpínlẹ̀ ń fún ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbọn.

Wọ́n ní ní Texas, kò sẹ́ni tó ń gba ìwé àṣẹ kó tó gbé ìbọn jáde mọ́. Kí ni mo tún ń gba LTC, ìwé àṣẹ ìgbé-ìbọn ti Texas, fún? Mo sì máa ń wakọ̀ lọ sí New York lọ́dọọdún. (Green card, Katy)

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án 2021, ẹni tó bá ti pé ọdún 21, tí òfin kò dí lọ́wọ́, tí wọn kò sì dá lẹ́bi àwọn ẹ̀ṣẹ̀ kan, bíi lílu èèyàn ṣe léṣe, láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn, lè gbé ìbọn ìléwọ́ ní Texas láìgba ìwé. Bó bá hàn síta, inú àpò ìbọn ló gbọ́dọ̀ wà. Síbẹ̀, bó bá jẹ́ àwa, a ó gba LTC.

Iléèwé ni ìdí tó tóbi jù. Òfin àpapọ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ìbọn láàárín ẹsẹ̀ bàtà 1,000 sí iléèwé, àfi bó bá wà nínú ilé àdáni, tàbí tó ṣófo nínú àpótí tí wọ́n tì, tàbí tí ìpínlẹ̀ tí iléèwé wà fún un ní ìwé àṣẹ. Òmìnira láìsí ìwé kì í ṣe ìwé àṣẹ. Ẹ wá wo máàpù Katy, kí ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 1,000 yí iléèwé kọ̀ọ̀kan po, kí ẹ wo ọ̀nà tó kù tí ẹ lè gbà dé ibiṣẹ́. Bí ìdálẹ́bi bá sì ti wáyé, òfin ìwọlé-wọ̀de ní ẹ̀ṣẹ̀ ìbọn èyíkéyìí tí ilé ẹjọ́ bá dá yín lẹ́bi rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti wọlé lè sọ yín di ẹni tí wọ́n lè lé, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kékeré tí owó ìtanràn lásán tẹ̀ lé. Ohun tí ọmọ onílùú máa san owó rẹ̀ tó máa lọ sílé ni, ẹ̀yin lè bá a dé pápá ọkọ̀ òfurufú.

Àmì ara ògiri tún wà. Nọ́ńbà 30.05 ń lé ẹni tí kò ní ìwé, 30.06 ń lé ẹni tó ní LTC tó fi pamọ́, 30.07 ń lé ẹni tó ní LTC tó gbé e síta. Ẹ máa rí ilé ìtajà tó lẹ 30.05 nìkan: ẹni tó ní LTC lè wọlé, aládùúgbò rẹ̀ tí kò ní kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Ilé ọtí tó bá lẹ 51 pupa ńlá, ẹ má gbé e débẹ̀ rárá. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí lè fi àmì lé e tàbí kí wọ́n fẹnu sọ ọ́. Ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀, èèwọ̀ ni, ọ́fíìsì tí ẹ ti ń lọ tẹ ìka fún ìwé ọmọ onílùú sì wà nínú wọn. Ẹ yẹ báàgì yín wò kí ẹ tó kúrò nílé lọ́jọ́ ìpàdé náà.

Ní ti New York, ìwé àṣẹ Texas kò já mọ́ nǹkan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ní New Jersey àti Maryland. Ìdájọ́ Bruen ti oṣù kẹfà 2022 ní New York kò lè béèrè ìdí pàtàkì lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gba ìwé ìgbé-ìbọn mọ́. Kò sọ pé kí wọ́n máa gba ìwé ìpínlẹ̀ míì. Òfin àpapọ̀ ń dáàbò bo ẹni tó ń kọjá lọ, bí ìbọn bá bófin mu níbi tó ti ń bọ̀ àti níbi tó ń lọ, tó ṣófo, tí òun àti ọta wà ní búùtù. Bí ọkọ̀ kò bá ní búùtù tó dá dúró, inú àpótí tí wọ́n tì ni, píjìnhóòlù kì í sì í ṣe àpótí. Ẹ wá rí i pé New York gan-an ni ẹ ń lọ, àbò yẹn kò sì bá yín débẹ̀ láìsí ìwé àṣẹ ibẹ̀. Àní ẹni tó ń kọjá lọ lásán kò fi gbogbo ara bọ́: ará Utah kan tí ọkọ̀ òfurufú já sílẹ̀ ní Newark gba báàgì rẹ̀, ó gbé e sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tó sọ fún wọn láàárọ̀ pé ìbọn wà nínú rẹ̀, wọ́n mú un. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní 2010 ní òfin ìkọjá kò bo ìbọn tó ti dé àrọ́wọ́tó rẹ̀. Ẹ fi tiyín sílẹ̀ ní Katy.

Ṣé mo lè gbé ìbọn ìléwọ́ mi bọ̀ wá sílé fún ọdún Kérésì? Ọ̀nà kò dáa. (Alájò, Atlanta)

Rárá. Nínú òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 tí wọ́n ṣì ń lò, ìbọn ìléwọ́ wà lára àwọn ìbọn èèwọ̀ tí ààrẹ nìkan lè fọwọ́ sí. Ìbọn ọdẹ tí kì í ṣe oníyára ni ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá lè fún èèyàn láṣẹ lé. Òfin ìdigunjalè àti ìbọn sì ní ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìláṣẹ máa san ₦20,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún mẹ́wàá, tàbí méjèèjì. Ìwé àṣẹ Georgia kò jẹ́ nǹkan kan ní Murtala Muhammed.

Bí ẹ ṣe máa fi í sílẹ̀ ló kù. Ẹ tì í sínú àpótí onírin, kí ẹ mú kọ́kọ́rọ́ lọ tàbí kí ẹ fi í sọ́wọ́ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́. Bí àbúrò tó wà lórí físà bá ń bá yín ṣọ́ ilé, kò gbọ́dọ̀ mọ nọ́ńbà àpótí náà, torí ẹni tó bá lè ṣí i nígbà tó bá wù ú, òfin lè ka ìbọn inú rẹ̀ sí i lọ́rùn.